Ọkọ̀ tí ó Ń Sítáàtì Lónìí tí Kò Sítáàtì Lọ́la
Ohun tí ó yẹ kí àwọn ọlọ́kọ̀ etíkun Àgbádárìgì mọ̀

Ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ pátápátá kì í dààmú ẹni tí ó ni ín tó ọkọ̀ tí ń bàjẹ́ tí ó sì ń san fúnra rẹ̀. Èyí tí ó bàjẹ́ pátápátá, a ó fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, a ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ̀ láti sítáàtì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó sítáàtì wọ́ọ́rọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, tí kò sì ṣe nǹkan kan mọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì, òun ni ó ń ná olówó lówó. Nígbà tí yóò bá fi dé iwájú mẹkáníìkì, ara rẹ̀ á ti yá. Mẹkáníìkì kò ní rí àìsàn kankan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í méfò: a ó ra bátìrì tuntun, a ó ra sítátà, a ó ra póńpù epo, ọkọ̀ yóò sì tún kọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ní ìlà Àgbádárìgì, ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn eré. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí ẹnubodè Seme, tí a là láàárín ọdún 1970 sí 1979, ni àwọn ẹlẹ́ja, àwọn alágbọn àti àwọn oníṣòwò tí ń ná ọjà Àgbálátà ń gbà. Ẹja tí ó bá dúró sínú oòrùn nítorí ọkọ̀ tí kò sítáàtì, ẹja tí ó bàjẹ́ ni. Ẹni tí ó sì ń gbé aláboyún tí ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn ní òru kò ní àkókò láti dúró kí ọkọ̀ rò ó wò. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ti ara rẹ̀ tàbí ti èrò, mọ ọ̀nà tí a ń gbà wá ìdí àìsàn yìí ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ, láì méfò.

AFẸ́FẸ́ ÒKUN ÀTI WÁYÀ ỌKỌ̀

Omi ni ó yí Àgbádárìgì ká. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù, ọ̀sà sì wà láàárín ìlú náà àti ilẹ̀ oníyanrìn tí ó kọjú sí òkun. Ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, atẹ́gùn ń ti orí òkun fẹ́ wá sí ilẹ̀, ó sì ń gbé iyọ̀ wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Iyọ̀ yìí máa ń bà lé irin, ó sì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Níbi tí iyọ̀, omi àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé lórí irin, irin náà yóò dípẹtà kíákíá ju bí ó ti ń ṣe ní ilẹ̀ òkè lọ. Lórí bàbà, ìpẹtà náà máa ń ní àwọ̀ ewé. Ní orí bátìrì, a máa ń rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ búlúù, èyí tí oru ásíìdì inú bátìrì fúnra rẹ̀ ń fà.

Ìpẹtà kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá dáadáa. Èyí kò ṣe nǹkan púpọ̀ fún rédíò tàbí iná iwájú ọkọ̀, nítorí pé iná tí wọ́n ń fẹ́ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n sítátà, ẹ̀rọ tí ń yí ẹ́ńjìnnì, lè gba ámpíà 100 sí 200 lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọkọ̀ kékeré. Bí ìpẹtà bá dènà iná ní ojú kan, tí ìdènà náà kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohm lọ, sítátà tí ń gba ámpíà 150 yóò pàdánù fóltì 1.5 níbẹ̀. Iná iwájú tí ń gba ámpíà 10 kò ní pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá fóltì lọ ní ojú kan náà. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ tí àwọn awakọ̀ ń sọ pé, “Bátìrì kò ní nǹkan kan ṣe, ṣebí iná ń tàn,” tí sítátà kò sì yí.

Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀ tí ó fi ń kọ̀ nígbà mìíràn tí ó sì ń gbà nígbà mìíràn, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Irin tí kò fún mọ́ irin dáadáa máa ń sún díẹ̀ bí ọkọ̀ bá bọ́ sínú kòtò. Nígbà mìíràn yóò sún sí ibi tí ó dára, nígbà mìíràn sí ibi tí kò dára. Ooru máa ń mú kí irin fẹ̀, òtútù a sì mú kí ó sún kì. Bàbà pàápàá, bí ó bá ti gbóná tó ni ó ṣe ń dènà iná tó. Nítorí náà, ohun kan náà lè fún mọ́ra ní òwúrọ̀ kí ó sì tú ní ọ̀sán.

KÍ A KỌ́KỌ́ MỌ IRÚ KÍKỌ̀ TÍ Ó Ń KỌ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bákan náà, sítátà tuntun kọ́ ni oògùn gbogbo ọkọ̀ tí kò sítáàtì. Ohun àkọ́kọ́ ni kí awakọ̀ ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀ nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá kọ̀. Ohun márùn-ún ni ó yẹ kí ó kọ:

1. Ṣé ẹ́ńjìnnì yí, àbí kò yí rárá?
2. Ṣé ọkọ̀ náà ti tutù, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀nà jíjìn?
3. Ṣé òjò rọ̀, tàbí a la omi kọjá?
4. Ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ ti wà lójú kan kí a tó yí kọ́kọ́rọ́?
5. Kí ni a ṣe tí ó fi wá sítáàtì: a dúró ni, a gbá a ni, a fi bátìrì ẹlòmíràn ràn án lọ́wọ́ ni, tàbí a yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá?

Bí a bá ti kọ èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àìsàn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń kọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ó wà lójú kan ní ohun kan tí ń mu iná bátìrì rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tàbí kí bátìrì náà ti gbó. Ọkọ̀ tí ń kọ̀ nígbà tí ó bá gbóná nìkan ní àìsàn mìíràn. Èyí tí ń kọ̀ lẹ́yìn òjò ní tirẹ̀.

Ìbéèrè kìíní ni ó ṣe pàtàkì jù nínú márààrún. Ẹ́ńjìnnì tí kò yí rárá àti ẹ́ńjìnnì tí ń yí ṣùgbọ́n tí kò sítáàtì, àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò ra póńpù epo fún ọkọ̀ tí kò ní ju ìdè bátìrì tí ó tú lọ.

BÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ KÒ BÁ YÍ

Kí ọdún 1911 tó dé, ọwọ́ ni àwọn awakọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú irin kan níwájú ọkọ̀, irin náà a sì máa ṣẹ́ wọn lápá bí ó bá ta padà. Ní ọdún náà ni Charles Kettering ní Amẹ́ríkà ṣe sítátà tí ń lo iná mànàmáná, ilé iṣẹ́ Cadillac sì fi í sínú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Bí ọkọ̀ ti yí padà tó láti ìgbà náà, ètò yìí kò yí padà púpọ̀. Bátìrì ni ó ni iná. Wáyà nínípọn kan gbé e lọ sí sítátà, òmíràn sì so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ara ẹ́ńjìnnì kí iná lè rí ọ̀nà padà. Solenoid, tí ó wà lórí sítátà, ni ó dàbí ilẹ̀kùn: bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ yóò lọ pàṣẹ fún un, yóò sì ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá.

Kí awakọ̀ tan iná iwájú ọkọ̀, kí ó yí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì máa wo iná náà bí ó ti ń tẹ́tí sílẹ̀.

Bí iná bá kú tàbí tí ó ṣókùnkùn púpọ̀, tí a sì gbọ́ kẹ-kẹ-kẹ-kẹ, bátìrì kò ní agbára tó, tàbí kí ìdè orí rẹ̀ ti tú tàbí kí ó ti dípẹtà.

Bí iná bá ń tàn dáadáa síbẹ̀, tí a sì gbọ́ “kọ́” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àṣẹ ti dé ọ̀dọ̀ solenoid ṣùgbọ́n iná ńlá kò kọjá. Èyí wọ́pọ̀ nínú àwọn Toyota tòkunbọ̀ tí ó ti pẹ́. Bàbà kékeré méjì ni ó wà nínú solenoid wọn, iná sì ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá sítáàtì ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀kan bá jẹ tán ní ẹ̀gbẹ́ kan, a lè yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ó kọ̀, kí ó sì gbà ní ẹ̀kẹfà. Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí ó mọṣẹ́, èyí tí a ń pè ní ríwáyà, lè pààrọ̀ bàbà méjèèjì láì ra odidi sítátà.

Bí iná bá ń tàn dáadáa, tí a kò sì gbọ́ ohunkóhun rárá, àṣẹ kọ́kọ́rọ́ kò dé ọ̀dọ̀ solenoid ni. Nínú ọkọ̀ ọtomátíìkì, kí a kọ́kọ́ ti jíà láti P sí N, kí a tún kọ́kọ́rọ́ yí. Bí ó bá sítáàtì ní N tí kò sítáàtì ní P, ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sítáàtì nínú jíà ni ó ní àbùkù. Bí kò bá sítáàtì síbẹ̀, kí a wo fíùsì, relay sítátà, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lọ sí solenoid, àti ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀.

Ní etíkun, ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni orí bátìrì àti ibi tí wáyà ti so mọ́ ara ọkọ̀ àti ara ẹ́ńjìnnì. Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kò sì gba ju sípánà kan àti sáńpépà lọ.

OHUN TÍ MÍTÀ Ń SỌ

Mítà kékeré tí a fi ń wọn iná kò wọ́n, kì í sì í méfò. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, kí a fi mítà kan orí bátìrì méjèèjì. Bátìrì tí ó kún yóò fi nǹkan bí fóltì 12.6 hàn. Bí ó bá jẹ́ 12.2, ó ti dé nǹkan bí ìdajì. Bí ó bá wálẹ̀ ju 12 lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí ẹnìkan wá yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà ṣì wà níbẹ̀: bí sítátà bá ń yí, kò yẹ kí ó wálẹ̀ ju nǹkan bí 9.6 lọ. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sítáàtì, ó yẹ kí mítà fi nǹkan bí 13.8 sí 14.7 hàn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, alternator kò fún bátìrì ní oúnjẹ, bátìrì tuntun tí a bá sì rà yóò kú bíi ti àkọ́kọ́.

Ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni ti wáyà. Kí a fi ẹsẹ̀ mítà kan kan orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò, kí a fi èkejì kan irin tí ó mọ́ lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá ju nǹkan bí 0.3 fóltì lọ bí sítátà ti ń yí, iná ń ṣòfò ní ojú ọ̀nà: wáyà náà tàbí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà. Kí a ṣe bákan náà láti orí bátìrì tí ó ní àmì ìròpọ̀ dé ibi tí wáyà nínípọn ti wọ sítátà. Níbẹ̀, kò yẹ kí ó ju 0.5 lọ. Wáyà lè lẹ́wà lóde kí ó sì ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé nínú rọ́bà rẹ̀. Ojú kò lè rí èyí, ṣùgbọ́n mítà yóò rí i.

BÍ Ó BÁ Ń YÍ TÍ KÒ SÌ SÍTÁÀTÌ

Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa tí ẹ́ńjìnnì kò sì sítáàtì, kí a fi bátìrì sílẹ̀. Epo ni kò dé, tàbí iná tí pílọ́ọ̀gì ń ta, tàbí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ni kò gbọ́ ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́.

Kí a yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná pátákó iwájú awakọ̀ yóò tàn, kí a má tíì sítáàtì ọkọ̀, kí ẹnìkan sì tẹ́tí sí ẹ̀bá táǹkì epo. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, póńpù yóò kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá kùn ní ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń kùn ní ọjọ́ tí ó gbà, póńpù, relay rẹ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò.

Bí ọkọ̀ bá ń kọ̀ nígbà tí ó bá gbóná nìkan, bí àpẹẹrẹ, bí ó bá ti Mile 2 dé Àgbádárìgì nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, tí a pa á láti ra nǹkan, tí kò sì sítáàtì mọ́ àfi lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kí a fura sí sensor tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Ooru máa ń ya wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ nípá, òtútù a sì tún so ó pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ọwọ́ aago tí ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì kò bá kúrò lórí òdo rárá nígbà tí sítátà ń yí, àmì kan nìyẹn tí ó tọ́ka sí sensor náà.

Bí àmì kọ́kọ́rọ́ tàbí àmì àgádágodo bá ń ṣẹ́jú lórí pátákó nígbà tí a ń yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ lè má dá kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀. Kí a fi kọ́kọ́rọ́ kejì dán an wò. Àwọn ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ihò kan lábẹ́ pátákó tí a ń ki ẹ̀rọ ìwádìí bọ̀; kí a lo ẹ̀rọ náà kí ẹnikẹ́ni tó yọ bátìrì, nítorí pé yíyọ bátìrì lè pa ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ sílẹ̀ rẹ́.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi hàn pé àìsàn báyìí lè wá láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Toyota kéde ní Amẹ́ríkà pé kí a dá àwọn ọkọ̀ Toyota àti Lexus kan padà fún àtúnṣe nítorí póńpù epo inú táǹkì. Abẹ̀bẹ̀ kékeré oníke tí ń fa epo nínú póńpù náà lè mu epo, kí ó wú, kí ó sì máa ha ara póńpù. Nígbà náà ni ọkọ̀ lè kú lójú ọ̀nà, tàbí kí ó yí kí ó má sítáàtì. Kí ọdún náà tó parí, iye ọkọ̀ tí ọ̀ràn náà kàn ní Amẹ́ríkà nìkan ti lé ní mílíọ̀nù 3, láàárín àwọn ti ọdún 2013 sí 2020. Ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà lè tẹ nọ́ńbà ṣáṣì rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, sí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ààbò ojú pópó, kí ó sì mọ̀ bóyá irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ṣì ku ọkọ̀ rẹ̀.

ÌKÌLỌ̀

Bátìrì máa ń tú afẹ́fẹ́ tí ó lè bú gbàù jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá tàbí kí ó tan ìṣáná nítòsí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ tú bátìrì, wáyà tí ó ní àmì ìyọkúrò ni kí a kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí a sì dè kẹ́yìn.

Bí a bá fẹ́ fi bátìrì ẹlòmíràn ran ọkọ̀ lọ́wọ́, kí a so wáyà pupa mọ́ àmì ìròpọ̀ bátìrì tí ó kú, lẹ́yìn náà mọ́ ti èyí tí ó yè. Kí a so wáyà dúdú mọ́ àmì ìyọkúrò èyí tí ó yè, kí a sì so ìkẹyìn mọ́ irin lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí kò sítáàtì, kí ó jìnnà sí bátìrì.

Kí a má ṣe ti ọkọ̀ ọtomátíìkì kí ó lè sítáàtì. Kò lè ṣiṣẹ́. Kí a má ṣe da pẹtiróòlù sí ẹnu ẹ́ńjìnnì. Kí a má sì ṣe gba ẹnikẹ́ni láyè láti wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó wà nínú jíà kí ó fi ìtúdè so orí sítátà méjì pọ̀, nítorí pé ọkọ̀ náà lè sítáàtì kí ó sì gorí rẹ̀.

ÌTỌ́JÚ NÍ ETÍKUN

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àti pàápàá kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, kí a pa ọkọ̀, kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí a sì gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí ìdè orí bátìrì. Bí ó bá mì, kò fún. Kí a tú u, kí a fi omi tí a po mọ́ ìyẹ̀fun sódà tí àwọn tí ń ṣe àkàrà òyìnbó ń lò wẹ ìyẹ̀fun funfun náà kúrò, kí a má sì jẹ́ kí omi náà wọ inú bátìrì. Kí a fi omi lásán ṣàn án, kí a gbẹ ẹ́, kí a fi sáńpépà ha irin títí yóò fi máa dán, kí a sì dè é le. Lẹ́yìn èyí ni kí a fi fásílíìnì tàbí gírísì bò ó lóde kí iyọ̀ má bàa rí ojú rẹ̀. Kí a ṣe bákan náà ní ibi tí wáyà ti so mọ́ ara ọkọ̀ àti ara ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tí a bá wà dé etí òkun, kí a fi omi tútù tí kò ní iyọ̀ wẹ abẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Bí ọkọ̀ bá tún kọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, kí awakọ̀ gbé ìwé kékeré rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tàbí ríwáyà, kí ó sì ka ohun tí ó kọ sínú rẹ̀ fún un. Kí ó ní kí ó fi mítà hàn án pé ohun tí ó fẹ́ pààrọ̀ ti bàjẹ́ kí òun tó sanwó rẹ̀. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí èyí, nítorí pé yóò mú iṣẹ́ tirẹ̀ náà yá.